Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Mò Ń Ṣọ́ Láti Makola

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi, mi ò mọ nǹkan kan nípa òkun ju pé atẹ́gùn rẹ̀ máa ń tú aṣọ mi ká ní ìsọ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Makola. Accra ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá mi sí, síbẹ̀ Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ni àwọn oníbàárà ń pè mí, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ní inú mi tètè ń ru kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìbínú mi nídìí.

Fítà ni baálé mi, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń tú ẹ́ńjìnnì, tó ń tò ó padà. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ ta ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ó kó wọn wálé, ó tò wọ́n sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì jókòó. Bí oṣù mẹ́fà ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kì í wo bọ́ọ̀lù láìpariwo wá dákẹ́, mo sì ń wá ariwo rẹ̀ ká inú ilé.

Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan ló yọ ọ́. Ọkùnrin náà fẹ́ máa kó mọ́tò tuntun tó ń lo iná mànàmáná láti China wá sí Accra, kó fi wọ́n ṣe takisí. Ó ní, "Fítà, lọ kọ́ ọ. Bí mọ́tò mi bá gúnlẹ̀, ìwọ ni wàá máa tọ́jú wọn." Baálé mi lọ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè bí, ó ń kọ́ nípa bátìrì tó tóbi bíi bẹ́ẹ̀dì, tó lè pa èèyàn bí o bá fọwọ́ lásán kàn án. Ó gba ìwé ẹ̀rí. Ó wá ku kí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò náà bọ̀ dé.

Mọ́tò ò dé. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ. Àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é ṣáá pé kó máa bọ̀ nílé, ilẹ̀ wà, kí àwọn jọ máa sin adìyẹ. Lọ́jọ́ kan, baálé mi ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bí ọkọ̀ ojú omi yẹn ò bá dé kí oṣù yìí tó parí, mà á padà sílé." Mo gbé àwo náà, mo lọ fọ̀ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìsọ̀ mi ńkọ́? Àwọn ọmọ ṣì ń kàwé níbí. Mo mọ àwọn obìnrin tí ọkọ wọn lọ wo ilé, tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe ìyàwó títí dòní. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọmọbìnrin mi ló fi nǹkan kan sórí fóònù mi tó ń fi gbogbo ọkọ̀ orí òkun hàn. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n Twi ló fi ń dá mi lóhùn. Twi náà ló fi ṣàlàyé pé àwọn ọfà kéékèèké yẹn, ọkọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá tiwa jáde. Ọfà kan ṣoṣo báyìí, nísàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún. Baálé mi ti sọ fún mi rí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kó nǹkan mìíràn, mọ́tò nìkan ni, àjà lórí àjà, wọ́n sì máa ń wà wọ́n wọlé, wọ́n á wà wọ́n jáde.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó tú aṣọ sílẹ̀ láàárọ̀, ọfà mi ni mo kọ́kọ́ ń wò. Obìnrin kan ní kí n gé yáàdì mẹ́fà fún òun, mo gé mẹ́jọ, mo tún bínú sí i pé kò sọ̀rọ̀ sókè. Mo ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ pé kó rìn, ṣé ó jẹun yó ni. Nígbà tó dé iwájú èbúté wa ní Tema lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó dúró, mo ra kẹ́nkẹ́ àti ẹja díndín fún gbogbo ìlà ìsọ̀ wa, mi ò sọ ìdí fẹ́nì kan.

Lọ́jọ́bọ̀, mo ṣí fóònù, ọfà náà ti yíjú sí ìlà-oòrùn. Mo rò pé ó ń tún ìdúró ṣe ni. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kọjá Lomé. Lọ́jọ́ kejì, Èkó ló wà. Mo jókòó sórí ìdì aṣọ, omi ń bọ́ lójú mi. Wọ́n ti gbé mọ́tò wa fún àwọn ará Èkó, oṣù sì ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún baálé mi? Nílé wa, ẹnì kan ṣoṣo kì í gbé ìròyìn burúkú ka èèyàn mọ́lé. Àgbà là ń rán. Mo wọ bọ́ọ̀sì trótró, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò Madina, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Madina. Ó gbọ́ mi tán, ó mi orí. "Ìyàwó, o ṣeun tí o ò dá a sọ. Ọkùnrin tó ti jókòó sílé tó báyìí, a kì í ṣàdédé ju irú ọ̀rọ̀ yìí lù ú. Fi sílẹ̀ fún wa."

Ohun tí mi ò rò ni pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa wá, ọjọ́ tí gbogbo Ghana ń sìnkú. Aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá Madina wọlé pẹ̀lú alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa àti igbákejì rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ti ilé wa gba ibi ìsìnkú kan lọ, nítorí náà aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n jókòó. Wọn ò gba omi. Alága bi baálé mi bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ó ti fi nǹkan sẹ́nu, ó ní kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan.

Baálé mi wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin àgbà, ta ló kú? Ṣé àbúrò mi ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú," alága dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń túfọ̀ ló fi sọ ọ́. "Ọlọ́run ló ń fúnni, òun náà ló ń gbà. Ṣe bí ọkùnrin. Ọkọ̀ ojú omi yẹn ti lọ sí Èkó."

Ni baálé mi bá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti lọ. "Mo mọ̀! Oníbàárà mi ti sọ fún mi látọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹrù. Mọ́tò àwọn ará Èkó ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tiwa wà nínú lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá tíì wa tiwọn jáde, tiwa ò ráyè kọjá. Ó kàn dúró ní Tema títí Èkó fi ráyè gbà á ni. Ó ń padà bọ̀."

Màmá Madina rọra yíjú sí mi. Ìtìjú bò mí, ìtìjú náà sì di ìbínú kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe lára mi. Mo kọjú sí baálé mi, mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa lọ bí oṣù bá parí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti pe àbúrò mi pé mi ò bọ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ yìí bá rì, mà á dúró de òmíràn. Mo fẹ́ sọ fún ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wò ọ́, fóònù lò ń wò. O mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà lójoojúmọ́. O ò bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá ó wù mí láti lọ."

 Níwájú àgbà mẹ́ta tó wọ aṣọ òkú, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́: "Ẹ má lọ o. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ." Alága ní kí n wá bu omi fún òun.

Ọkọ̀ náà padà kí oṣù tó parí. Ẹnu baálé mi ni mo ti gbọ́, mi ò wo fóònù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tọ́jú àwọn mọ́tò náà, ó dé pẹ̀lú erukutu lára, mo sì bi í bí iṣẹ́ ṣe rí. Ó ń sọ ti wáyà, ó ń sọ ti bátìrì, ó ń fi ṣíbí yàwòrán sórí tábìlì. Ìdajì rẹ̀ ò yé mi. Mo ní kó tún un sọ.