Ọwọ́ Bàbá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Bàbá mi ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ ní Abossey Okai. Ọkọ̀ èrò trotro tí wọ́n bá kọ "Insha Allah" sẹ́yìn rẹ̀, tí ìrù lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀ ká bí ìwọ̀ ìpẹja, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà, èyí tó kù náà ò sì ní pẹ́. Bàbá ò sunkún. Ó ní kí n kó gbogbo lẹ́tà òun sínú kọ̀ǹpútà mi, láti A dé Z, kí òun fi ojú ara òun rí i kí ilẹ̀ tó ṣú bá òun.

Iṣẹ́ mi kúkú ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lapaz, káàdì ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó ni mò ń yà. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yà á, ti ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó gọbọi ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ kéèyàn lè lò ó láìsanwó, kí ọ̀rẹ́ mi tó fún mi. Ta ni kì í lò ó ní Lapaz? Ẹnu mi ló kó bá mi, mo sọ fún Bàbá.

"Ohun tí wọ́n jí ni?"

"Gbogbo èèyàn ló ń lò ó, Bàbá."

"Orúkọ Ọlọ́run ni mo ń fi ọwọ́ yìí kọ. Má kó o sínú ẹrù olè. Mo bẹ̀ ọ́ paa."

Agbára mi ò ká èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ó wá ku ètò ọ̀fẹ́ kan, tí àwọn tó ṣe é ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ àjèjì ni sí mi. Bọ́tìnnì tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún wà lósì. Màá fàlà, á wọ́, màá pa á rẹ́ tìbínú-tìbínú. Ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Chale, lo ti tẹ́lẹ̀, kó o sọ fún Alhaji pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣé ó máa mọ̀ ni?"

Kò ní mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún ẹni tó jẹ́ pé èmi ló fi ń ríran.

Nígbà tí mo dé M, Bàbá ti ń tẹ imú mọ́ kọ̀ǹpútà kó tó rí i. Nígbà tí mo dé S, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Ká ní èyí tí mo mọ̀ ni mo lò ni, ì bá ti rí i dé Z. Ó ti kú báyìí, mo sì ń bínú sí i síbẹ̀.

Mo parí rẹ̀ ṣá kó tó kú, ó sì dára. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, mo gbé e lọ bá a nílé wa ní Cow Lane. Lára ọkọ̀, ọ̀dà máa ń ga díẹ̀, ìka ni Bàbá fi máa ń wò ó bóyá ìlà gún. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún fi ra á.

"Níbo lo kọ ọ́ sí?"

Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé A. "Ibí yìí ni, Bàbá."

Ó fi ìka náà wá a títí.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ó ní.