Gíláàsì Lọ́ńdọ̀nù Tí Wọ́n Rán ní Kétu

Rùfáì Èṣùbíyìí, aránbàtà ní Kétu, kì í bú ènìyàn. Ó kàn máa ń wò wọ́n ni. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń wò wọ́n, ó sì tó o láti rí i pé òpè ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gun alùpùpù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú òsì ti lọ tipẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ló ta lábẹ́ táyà lọ́rì ní ọ̀nà Owódé Onírin, nígbà tí òun náà ṣì ní máṣíìnì.

Nígbà tí owó Udoji dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máṣíìnì kún ìgboro. Àwọn tó rà á kì í bó ọ̀rá kúrò lára ìjókòó rẹ̀, kí aráyé lè mọ̀ pé tuntun ni. Wọ́n á tún ra gíláàsì dúdú, wọn kò sì ní ṣí bébà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, nítorí bébà yẹn ló ń jẹ́rìí pé òkè òkun ló ti wá. Báyìí ni odindi ọkùnrin, olówó oṣù, á máa fi ojú kan ààbọ̀ wa máṣíìnì, tí eruku á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé bó ṣe wù ú.

Nojeem, àbúrò Rùfáì, wà lára wọn. Akọ̀wé ni ní Gbàgádà, ọ̀nà tó gba ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Rùfáì sinmi, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gíláàsì.

Ó kọ́kọ́ lo dígí fèrèsé. Ó sọ òkúta lù ú, ó fọ́ yángá, ó sì gbá a dà nù. Ó wá lọ ra ike tó máa ń dí atẹ́gùn níwájú máṣíìnì lọ́wọ́ àwọn tó ń tú máṣíìnì àlòkù ní Owódé Onírin, èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ onígi tó fi ń rán bàtà, ó fi awọ ewúrẹ́ yí etí rẹ̀ ká, ó sì fi rọ́bà tíùbù tẹ́ inú awọ náà kí eruku má ráyè. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí apá etí kí òógùn má baà bo ojú ike. Ó sọ òkúta lù ú. Ó kàn ha díẹ̀ ni.

Nojeem gbà á, ó yí i síwá-sẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀dá, ó jọ bàtà."

"Gíláàsì máṣíìnì ni."

"Tí mo bá wọ èyí dé ọ́fíìsì, wọ́n á bi mí ta ló fi sálúbàtà dí mi lójú. Bébà rẹ̀ dà?"

"Bébà wo?"

"Èyí tó máa sọ ibi tó ti wá."

"Ìwọ náà mọ̀ pé Kétu níbí ló ti wá."

"Ẹ̀yin náà ti dáhùn, sà."

Rùfáì kò bá a jà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bébà ju ojú rẹ̀ lọ, ó kù kí wọ́n fún un ní ohun tó máa kà. Ó ṣe gíláàsì mìíràn sí i, ó kó wọn lọ bá Ṣùkúrù tó ń kọ nǹkan sára lọ́rì, ó ní kó fi ọ̀dà wúrà kọ LONDON sí awọ iwájú orí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè ṣí i lọ sójú ike.

"Ṣé o ti débẹ̀ rí ni?" Ṣùkúrù bi í.

"Gíláàsì náà kò débẹ̀. Kọ ọ́."

Modinat tó ń ta fìlà àti bẹ́líìtì ní Mile 12 ló kó wọn fún láti tà. Àwọn tó ń gun máṣíìnì ń du ú. Ọkùnrin kan gbóòórùn awọ rẹ̀, ó ní òórùn gan-an ni awọ òyìnbó fi yàtọ̀. Rùfáì ń kọjá lọ. Ó wò ó, ó sì ń lọ.

Nojeem náà ra tirẹ̀, ó mú un wá fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó dà bí ẹni pé wọ́n wo tiyín ṣe é ni, àmọ́ àwọn yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an."

Rùfáì wo ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ lápá etí òsì. "Mo rí i," ó ní. "Ṣáà máa wọ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Nojeem ti máṣíìnì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó láìkí ẹnikẹ́ni. Lọ́rì kan ló ta òkúta sí i. Ike òsì ti sán.

"Ojú òsì ni, Bọ̀ọ̀dá. Ojú òsì gan-an."

Rùfáì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Kò sí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

"Ọlọ́run á bù kún àwọn òyìnbó yìí," Nojeem wí.

Rùfáì gba gíláàsì náà. Ó mú ike kan tó ti gé sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tú etí awọ, ó ki ike náà bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Nojeem ń wò ó, ẹnu sì ń yà á.

"Ó mà ṣe rẹ́gí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ti ń mọ iṣẹ́ wọn."

"Mò ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀," Rùfáì dáhùn, ó sì fi eyín já òwú.