Ẹni Tó Wá Ka Ọmọ Wa

Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ́ mi jẹ. Airport ni mo ti ń fọlẹ̀ ní Manchester, kò sì sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́ kó dán bíi tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹ̀rín tí àwọn aṣọ́bodè máa ń rín síni kí wọ́n tó ní kéèyàn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, tó ní, "Ẹ káàsán, sà," ẹ̀rín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, àmọ́ ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀. Ìyàwó mi ló pè é wá láti ṣọ́ọ̀ṣì láìsọ fún mi. Ọmọbìnrin náà ń béèrè bí ọsibítù ṣe ṣe sí àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú nígbà ìrọbí. Ó ní báwọn bá kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ráhùn. Gbogbo ayé á rí i pé wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n.

"Ta ló rán ọ?"

"Yunifásítì ni, sà."

"Ta ló rán yunifásítì?"

Ìyàwó mi tó ń po tíì rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ìgbà yẹn gan-an ni ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwa àlejò kí wọ́n tó tọ́jú wa.

"Mi ò ní kọ orúkọ, mi ò ní kọ àdírẹ́sì, sà."

"Ìwọ tó o ti jókòó sínú ilé ọ̀hún?"

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wọn ò kọ́ ọ nílé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Kọ ọ́ pé àwọn ọmọ wà."

"Bí gbogbo àwọn ìyá ṣe ń wí nìyẹn, sà. Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa kà á á rò pé kò séyìí tó kú."

Ìyàwó mi gbé ife kalẹ̀. "Mẹ́rin."

"Mẹ́ta ni!"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mẹ́ta ló wà. Mẹ́rin ni mo bí."

A kì í sọ̀rọ̀ èyí tó lọ nílé wa. A ti gbàdúrà sí i, ó parí. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ ìrọbí náà. Àfi bí ìyàwó mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ó ń tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì gbé bọ́tìnnì náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Èmi ọkọ rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí.

Ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́. Mo ní, "Kà á sí mi létí."

Ó kà á: wọn ò tètè dá a lóhùn.

"Irọ́! Ìyẹn kọ́ ló sọ. Kọ ọ́ pé wọ́n gbé bọ́tìnnì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Mo ní kó tún un kà. Mi ò gba yunifásítì náà gbọ́ dòní olónìí, ojú mi ṣì wà lára wọn. Nígbà tó béèrè bóyá ó ku ohun kan, ìyàwó mi ti ń sunkún.

"Ọmọkùnrin ni," mo ní. "Kọ ìyẹn náà."