Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìkíni Yẹ Ọkọ̀ Àna Mi Wò

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, n kò sì ní bínú sí yín. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, n óò ní kí ó lọ fi omi tútù bọ́jú ná. Àmọ́ ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Títí di òní, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ sì fẹ́ ya èyí tó wà níwájú sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi a máa wá bíréèkì kiri nílẹ̀ ọkọ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìgbó-Ọrà nígbà náà. Mo ní máṣíìnì kan tí mo fi ń gbé ìyàwó mi lọ sọ́jà, mo sì rò pé ayé ti yẹ mí, àfi ìgbà tí ó bí ìbejì tẹ̀ lé àkọ́bí wa. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí wọ́n bá pe Bàbá Ìbejì láàárín ọjà wa, ìdajì àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ló máa jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì kọ́ máṣíìnì bí a ṣe ń gbé bàbá, ìyá, àkọ́bí àti ìbejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Àwọn ará àdúgbò bọ́ síta wá wò wá. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Olúwa.

Bàbá ìyàwó mi ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Kò tóbi bíi ti àwọn lọ́yà Ìbàdàn, kò sì kéré bí àwọn kéékèèké ẹlẹ́yìn ìjàpá tó ń sá kiri títì láyé ìgbà yẹn. Ó wà láàárín: ilẹ̀kùn mẹ́rin, ìjókòó ẹ̀yìn tó lè gba àgbà mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ lórí itan, àti búùtù tí àpò ẹ̀gúsí kì í há sí. Ẹ̀gúsí ni Bàbá ń tà. Ó ti fi ọkọ̀ náà ná ọjà Ìgàngàn àti ti Ayétẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé ọ̀nà mọ ohùn hóọ̀nù rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ń múra Mẹ́kà, òun sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, pé kí n wá wò ó, nítorí òun kò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí n wá wò ó. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ta ní ń yẹ ọjà àna wò? Ẹni tó fún ọ lọ́mọ, tí kò yẹ̀ ọ́ wò títí kan eyín, ìwọ á wá dúró níwájú ilé rẹ̀, o ó máa ta táyà rẹ̀ nípàá bí ẹni ń ra màlúù? Bí mo bá sì rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mẹ́ta àti ìyá wọn ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ mú mi.

Mo ronú títí, mo rí ọgbọ́n kan. Yorùbá kò ní ohun tí kì í kí. N óò kí ọkọ̀ náà wò.

Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú táyà," mo sì ki àtàǹpàkò bọ inú ìlà táyà bóyá ó ti pá. Mo ní, "Ẹ kú ìpamọ́ èńjìnnì." Inú Bàbá dùn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì yọ ọ̀pá òróró, mo wò ó, mo nù ún, mo tún dá a padà sí àyè rẹ̀. Mo kí bátìrì. Mo kí rédíétọ̀. Mo ní kí Bàbá jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́, mo wá dọ́gbọ́n yọjú sẹ́yìn bóyá èéfín dúdú ń jáde. Kò jáde. Bíréèkì dára, kíláàṣì dára, ìjókòó kò ya. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, o mọ̀wé, o tún mọ̀wà."

Gbogbo ara ọkọ̀ ń dán, àfi apá òsì. Láti iná iwájú títí dé búùtù, ṣe ló dà bí ẹni tí ológbò ha lára, jígí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì ti já dànù. Mo wá ìkíni kan fún ìyẹn, n kò rí. Mo kàn bi í léèrè pé ibí yìí ńkọ́.

"Ìjọba ni," ó ní. "Ọ̀tún tí wọ́n kó gbogbo wa lọ yẹn ni. Láti ìgbà náà ni àwọn ògiri ìlú yìí ti ń sún mọ́ ọ̀nà."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà ẹ ó rántí. Apá òsì ni a ti ń wakọ̀ láti ayé òyìnbó, kí ìjọba tó ní ó yá, kí gbogbo ọkọ̀ kọjá sí ọ̀tún. Ọ̀nà ṣí lọ, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ṣí. Sitíárìn ọkọ̀ Bàbá ṣì wà lápá ọ̀tún, níbi tí awakọ̀ ti sún mọ́ igbó ju àárín títì lọ. Bí akẹ́rù bá wà níwájú rẹ, tí o fẹ́ yà á sílẹ̀, o kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó jókòó lápá òsì rẹ ló máa yọjú wò ó, tí á ní "Ó mọ́" tàbí "Dúró." Ojú rẹ̀ ni ojú rẹ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan.

Bàbá ní ó kù ká tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, ó sì ní kí ìyàwó mi, tó tẹ̀ lé mi wá pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó wọn wọ inú ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá tọ́ wò. Kí ẹbí jókòó sí i, ká mọ̀ bóyá ó gbà wọ́n, ká mọ̀ bóyá ó lè fi wọ́n gùnkè. N kò rí àbùkù nínú rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, bí mo bá rántí àwọn orí kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn mi, mo ní láti kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ó dáa. Mo ti mí.

A dorí kọ ọ̀nà Ìdèrè. Èmi wà nídìí sitíárìn, Bàbá lápá òsì mi, ìyàwó mi lẹ́yìn Bàbá pẹ̀lú àkọ́bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìbejì lórí itan. Ọkọ̀ náà ń lọ bí epo. Ó gun òkè láìbẹ̀bẹ̀. Mo ti ń rí ara mi lọ́jọ́ Àìkú, tí mo ń sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà tí mo gẹ̀ sápá kan, nígbà tí a bá akẹ́rù kan tó kó gbágùúdá, tó ń wọ́ lọ, tó sì ń da eruku ọyẹ́ sí wa lójú. A tẹ̀ lé e títí. Bàbá yọjú sápá òsì, ó ní, "Ó mọ́. Kọjá."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo bọ́ sí àárín títì. N kò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn akẹ́rù náà lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Bàbá Ìbejì, padà."

Mo padà. N kò mọ bí mo ṣe padà, ẹ má bi mí. Mo mọ̀ pé mo tẹ bíréèkì, mo mọ̀ pé mo fa sitíárìn sọ́dọ̀ ara mi, mo sì mọ̀ pé akẹ́rù mìíràn, èyí tó kó iṣu bọ̀ láti Ìgàngàn, kọjá lára wa tí atẹ́gùn rẹ̀ fi mi ọkọ̀ wa bí ẹni ń mi ẹ̀ka àgbálùmọ̀. Hóọ̀nù rẹ̀ dé lẹ́yìn tí òun ti lọ. Mo wa ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, mo dúró. Ọ̀kan nínú ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èkejì sì ń rẹ́rìn-ín, bí ìṣe wọn.

Bàbá gbọn agbádá rẹ̀. "Àwọn awakọ̀ akẹ́rù yìí," ó ní, "wọn a kàn yọ síni láti inú ilẹ̀."

Ọ̀nà ibẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Kò sí ibi tí nǹkan fi lè yọ láti inú ilẹ̀. Mo yíjú sí i, mo wo ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyẹn fi jẹ́ nǹkan ńlá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, n kò wo ojú ọkùnrin náà rí. Àgbọ̀n rẹ̀ ni mo mọ̀, bàtà rẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa. Ọkọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹjú mọ́ àna. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, bí ó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún ojú Bàbá, kò wá sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ojú náà. Èmi rí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹyinjú méjèèjì ti funfun láàárín, bí ìgbà tí a bá bu wàrà díẹ̀ sínú omi. Ó ń wò mí, kò sì rí mi. Etí mi òsì ló ń wò.

Ara mi tutù ju ìgbà tí akẹ́rù ń bọ̀ lọ. Ojú tí mo yá lò nìyẹn.

Mo rọra wà wá padà sílé rẹ̀. N kò ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àní àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wa. Nígbà tí a dé, Bàbá tẹ́wọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀la ni òun máa wà á kẹ́yìn. Àbúrò ìyàwó mi ti bímọ ní Abẹ́òkúta, ìsọmọlórúkọ sì ti dé. Òun á gbé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ fúnra òun, bí àwọn bá sì ti dé, ọkọ̀ di tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí èmi wà wọ́n lọ. Ó bi mí pé ilé ìwé ńkọ́. Mo ní n óò tọrọ àyè. Ó ní kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé àna òun ń pa iṣẹ́ tì nítorí òun. Mo ní ọ̀nà Abẹ́òkúta jìn. Ó ní òun ti ń lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. "Ọkọ̀ kò tíì di tìẹ, Tíṣà," ó ní, ó sì fi ẹ̀rín ká ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Nílé, mo sọ ohun tí mo rí fún ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó ní bí òun bá kọ̀ tí òun kò lọ, Bàbá á dá lọ, kò sì ní sí ẹni tó máa jókòó sápá òsì rẹ̀ rárá. Ó ní, ní ti pé ká sọ fún un, "Ẹnu ta ni a fẹ́ fi sọ ọ́?" Mo mọ ẹnu tó kù, tèmi ni. Oorun tí mo sùn lóru náà kò tó nǹkan tí à ń sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo ìlú bí aṣọ. Mo gbé ọ̀kan nínú ìbejì, ìyàwó mi gbé èkejì, àkọ́bí di etí ṣòkòtò mi mú, a jọ lọ sílé Bàbá. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀, èńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wọ ẹ̀yìn, òun, tí ojú rẹ̀ ti pupa, sì jókòó sápá òsì bàbá rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, mo ti tò ó bí ìwé àròkọ. Mo yanu, kò sí ọ̀kan tó jáde. Bàbá ní Bìsìmílà, ó fi jíà sí i.

Mo sáré lọ síwájú ọkọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. Ohun tí ọkọ ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀.

Àyà mi ti kan ilẹ̀ tán kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn: ta ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ọkùnrin tí kò ríran. Mo gbọ́ tí òkúta kékeré fọ́ lábẹ́ táyà. Mo fẹ́ dìde, ara mi kọ̀. Mo fẹ́ kígbe, eruku wà lẹ́nu mi. Ooru èńjìnnì kàn mí ní àtàrí.

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. "Bàbá, ẹ dúró. Bàbá Ìbejì wà nílẹ̀ níwájú yín."

Ọkọ̀ náà dúró.

"Níbo?" Bàbá bi í.

Èńjìnnì kú. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, mo sì gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń ra ara ọkọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ibi ilẹ̀kùn, dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ tí ó sì kan fìlà mi. Ó gbé ọwọ́ náà lé mi lórí fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde, Tíṣà," ó ní. "Wá wà wá lọ."

N kò lè dìde. Ìyàwó mi ló sọ̀kalẹ̀ wá gbé mi.