Sàmúráì Tí Ọkọ Mi Ń Túmọ̀ fún Ìyá Rẹ̀

Ẹ bá mi wo ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó ń ṣiṣẹ́ àkáùntì ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń pè síwájú kó gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden, ní Amẹ́ríkà níbí, tó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tó ń wo kàtúùnù. Ọkọ mi nìyẹn. Láàárín àwọn ọdún 1990, kò sí fídíò àwọn ará Japáànù tí kò tíì yá tán ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé wa ní Langley Park. Tí mo bá ní, "Bàbá, ṣé kí n po mílíìkì wá fún yín?" á ní kàtúùnù kọ́, fíìmù àgbàlagbà ni. Háà! Àgbàlagbà wo?

Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ojú tì í, ó kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá bá wá. Ọmọ wọn ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò padà wálé rí, wọ́n sì fẹ́ mọ ìgbà tó máa wá. Bí a bá ń jẹun, wọ́n á bi í. Bí a bá wà nínú mọ́tò, wọ́n á tún bi í. Ọkọ mi á ní, "Láìpẹ́, Màmá." Lọ́jọ́ kan, ìbéèrè náà ká a mọ́ pálọ̀, kò ríbi sá sí. Ló bá sáré lọ fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tì í sẹ́nu fídíò. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan kan ná."

Sàmúráì ni, jagunjagun ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Japáànù, pẹ̀lú idà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń wọ̀, láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn, ó ń wá ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Mo ti ń retí kí Màmá pariwo. Ibi tí sàmúráì ti pàdé bàbá arúgbó kan, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kanlẹ̀. Màmá jókòó dáadáa. "Ta ló bí ọmọ yìí? Wọ́n mà kọ́ ọ nílé o! Àwọn tí mò ń bá pàdé lórí àtẹ̀gùn yín níbí, ta ló ń kí mi nínú wọn?"

Bí Sátidé ṣe di ti sàmúráì nìyẹn. Èdè Japáànù ni wọ́n ń sọ, òyìnbó ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Màmá ò gbọ́ ọ̀kankan, ọkọ mi ló ń túmọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀hún rèé! Èmi náà kúkú ń ka ohun tí wọ́n kọ. Sàmúráì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Panu mọ́, arúgbó òmùgọ̀." Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fara balẹ̀." Sàmúráì ń ṣépè fún ọ̀tá, ọkọ mi ní ó ń kí i kú iṣẹ́. Màmá ń ṣe àmín, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọmọ tó mọ̀wàá hù. Kíṣìnnì ni mo máa ń sá lọ láti lọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ tí Màmá fẹ́ padà sílé la wo kásẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Sàmúráì délé. Ìyá rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo irun orí ti funfun. Sàmúráì forí balẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ní, "Ó ní òun ti dé, Màmá. Òun ò lọ mọ́."

Màmá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n sàmúráì dìde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ gbéra. Ìyá náà ń wòkè.

"O ní ó ní òun ò lọ mọ́," ni Màmá wí. "Ibo ló wá ń lọ yẹn?"

Ọkọ mi nawọ́ kó pa fídíò, Màmá dì í lọ́wọ́ mú.

"Sọ ohun tí ọmọ yẹn sọ gan-an fún mi."

Ọkọ mi ní, "Ó ní, 'Màmá, ẹ má dúró dè mí mọ́.'"

Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, mi ò lè wojú wọn.

Màmá ní, "Òun tiẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.