Ewúrẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mile 12

Wọ́n ní kí ọmọ kan pa ìtàn àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀ rẹ́ lójú mi lónìí.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tuntun ni mí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín wọ kíláàsì tí mo ń kọ́. Ọkọ mi ló ra ìwé àwòrán kan fún mi, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ wo ewúrẹ́ inú rẹ̀ tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kí kálukú kọ ìtàn tirẹ̀.

Rọ̀kíbà, tí kì í kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ, kọ ojú ìwé kan gbáko. Ó ní ewúrẹ́ náà ń wá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Mile 12.

Ni ọ̀gá ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, bá wọlé.

"Aunty Ìyàwó, ewúrẹ́ wo ló ń dá wọ mọ́tò?"

"Mummy, ìtàn ni. Òun ló rò ó fúnra rẹ̀."

"Wọn ò ní béèrè ewúrẹ́ nínú ìdánwò. Pa á rẹ́, ọmọ yìí, kọ èyí tó wà lójú pátákó."

Èyí tó wà lójú pátákó ni "Bí mo ṣe lo ọlidé mi". Nínú ìwé wọn, gbogbo kíláàsì ló lọ kí ìyá àgbà lábúlé, títí kan ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń gbé Kétu níbí.

Rọ̀kíbà pa á rẹ́. Ó rọra sọ fún mi pé, "Aunty, ewúrẹ́ náà ò tíì rí ìyá ẹ̀ o."

Tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́, kí lẹ máa sọ fún ọ̀gá wa?