Odò Tí Bàbá Mi Sé

Kọngílá ni bàbá mi ní Àkúrẹ́. Nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ipogun, ó gbé katapílà lọ síbẹ̀, ó fi erùpẹ̀ sé odò kékeré tó gba inú ilẹ̀ náà kọjá. Omi gbilẹ̀ lẹ́yìn ògiri erùpẹ̀ yẹn, bàbá mi sì da ẹja àrọ̀ sí i. Páìpù ńlá kan ló wà nídìí ògiri náà. Òun nìkan ló ń ṣí i, òun ló ń tì í.

Ìyá opó kan ń gbé nísàlẹ̀ odò. Púpurú ló ń ṣe tà, inú odò yẹn ló sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹrẹ̀ lásán ló kù lọ́dọ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí bàbá mi lóko, ìyá náà wá, ó kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó tó ẹ̀gbọ́n àgbà fún bàbá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí omi díẹ̀ fún wa. Ẹ̀gẹ́ mi ti ń bàjẹ́."

"Màmá, ẹ lọ gbẹ́ kànga."

Mo ní, "Dádì, ẹ ṣàánú wọn."

Ó wò mí. "Ṣé ìwọ lo sé odò ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé láti Àkúrẹ́. Kí wọ́n lè rí nǹkan yà ní fọ́tò, ó ṣí páìpù. Omi tú jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rí ìyá náà tó gbé basíà sáré bọ̀ láàrin koríko, tó ń ṣubú, tó ń dìde. Bàbá mi náà rí i. Ó dúró títí ó fi kù díẹ̀ kí ìyá náà débẹ̀, ló bá ti páìpù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Òjò ọdún yẹn pọ̀ jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, omi gun orí ògiri, erùpẹ̀ ya. Kí èmi àti bàbá mi tó débẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, omi ti gbé ilé ìdáná ìyá náà lọ, ó ti gbé àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbá òun fúnra rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Àwọn ará àdúgbò fẹ́ gbé e nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣebí omi lẹ ń wá? Ó ti dé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìyá náà kọjá níwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin ìyá náà wá mú un lọ sí Oǹdó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, katapílà padà wá, bàbá mi sì mọ ògiri tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tí yóò wá bẹ̀ ẹ́ fún omi mọ́.

Mo ra búrẹ́dì, mo lọ wo ìyá náà ní Oǹdó. Orí ẹní ló wà, ẹsẹ̀ náà kò tò dáadáa.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Ọlọ́run á fún un ní ẹ̀mí gígùn." Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń súre fún ìkókó. "Á dàgbà, á darúgbó. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ lórí ibùsùn, àwọn ọmọ rẹ̀ á jókòó tì í, wọn á máa wò ó."

Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò ṣe àmín. Mi ò sì lè ní kí Ọlọ́run má gbọ́.